Ibà Lassa àti Aboyún: Wọ́ọ̀dù Wo Ni Yóò Gbà Á?

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ewéko gbẹ, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti kó irè oko wọ inú àká, èkúté a máa fi igbó sílẹ̀ wọ inú ilé láti wá oúnjẹ. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí òjò bá tún fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ìròyìn ibà Lassa máa ń gba ìlú kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ní ọdún 2018, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn gbangba pé ibà náà ni ó ń ṣe wọ́n jẹ́ 633. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2020, iye náà ti di 1,189. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Edo àti Bauchi ni wọ́n sábà máa ń ṣíwájú nínú ìṣirò náà, tí Taraba, Plateau, Benue àti Ebonyi sì máa ń wà lára àwọn tí ń tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀ tẹ̀dó sí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń ṣòwò tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nínú àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí gan-an, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ̀nà ilé rẹ̀ gba inú Edo tàbí Oǹdó kọjá.

Nínú irú ìṣirò báyìí, obìnrin tí ó bá kú pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ nínú, ẹyọ kan péré ni ó jẹ́ lórí ìwé. Ọmọ tí ó bá a lọ kò sí nínú òǹkà. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo àwọn tí ibà yìí ń mú, ṣàṣà ni ẹni tí ó ń ṣe ní ibi tó aboyún. Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run ni àwọn àgbà ń pe ìkúnlẹ̀ abiyamọ kí ibà Lassa tó ní orúkọ rárá. Ohun tí ó wá ń dá kún ewu náà lónìí ni ìdádúró: a ti lo òògùn ibà lásán fún un títí, ilé ìwòsàn kan ti tì í sí òmíràn, kí ẹnikẹ́ni tó pinnu bóyá aláìsàn ibà ni kí wọ́n gbà á sí tàbí aboyún tí ó fẹ́ bímọ.

Èkúté kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn èkúté yòókù lọ ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì tí ń fa àrùn náà kiri. Àìsàn náà kì í pa èkúté náà, ṣùgbọ́n ó ń jáde nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Bí èkúté náà bá tọ̀ sára gàrí, èlùbọ́ tàbí àwo oúnjẹ, tí ènìyàn sì jẹ ẹ́ tàbí tí ó fi ọwọ́ kàn án, àrùn ti wọlé nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ń pa èkúté jẹ wà nínú ewu nígbà tí wọ́n bá ń kùn ún. Lẹ́yìn èyí, ènìyàn lè kó o ran ènìyàn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀ àti omi ara mìíràn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí fáírọ́ọ̀sì náà wọ ara kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nínú ènìyàn márùn-ún tí ó bá kó o, bí mẹ́rin ni kò ní mọ̀ ju pé ó rẹ àwọn díẹ̀ lọ. Ìkarùn-ún ni ọ̀fun yóò dùn, tí àyà yóò dùn, tí yóò máa bì, tí ojú rẹ̀ lè wú, tí ẹ̀jẹ̀ sì lè máa yọ ní imú, ní ẹnu tàbí ní ojú ara. Àwọn mìíràn tí ó bá yè é a sì di adití, ẹlòmíràn fún ìgbà díẹ̀, ẹlòmíràn títí ayé.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tí aboyún kò lè ní láìjẹ́ pé ibà Lassa ni. Aboyún a máa bì. Ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú nígbà mìíràn. Inú a máa dùn ún. Bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pé oyún fẹ́ wálẹ̀. Bí gìrì bá gbé e, gìrì aboyún ni wọn yóò pè é. Gbogbo rẹ̀ ni ó ní orúkọ mìíràn tí a lè fún un, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ kan pàápàá wà tí ó ń dá kún ìṣòro yìí, tí a kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí. Ọ̀rọ̀ náà ni ibà. Ní èdè Yorùbá, èyí tí ẹ̀fọn ń fà, ibà ni; èyí tí ń mú kí ojú àti ìtọ̀ pọ́n, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni; èyí tí èkúté ń fà yìí, ibà náà ni. Èdè Hausa kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: zazzabi ni ara gbígbóná, zazzabi kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń pe èyí tí ẹ̀fọn fà. Nígbà tí obìnrin ará Ọ̀ffà kan tí ó ń ta aṣọ ní Bauchi bá sọ pé ibà ń ṣe òun, tí ọmọ aládùúgbò sì túmọ̀ rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì sí zazzabi, ìtumọ̀ náà tọ̀nà pátápátá, ó sì lè pa obìnrin náà. Nọ́ọ̀sì yóò kọ òògùn ibà fún un. Ohun tí ó yẹ kí ògbufọ̀ náà bá a sọ ni iye ọjọ́ tí ara ti ń gbóná, òògùn tí ó ti lò tí kò ṣiṣẹ́, ìlú tí ó ti dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí èkúté bá wà nínú ilé tí ó ń gbé, àti bí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé bá ti ṣàìsàn tàbí tí ó ti kú láìpẹ́. Ara tí ó ń gbóná tí òògùn ibà kò sì bá a wí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àyẹ̀wò ibà Lassa ni ó kàn.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ní orílẹ̀-èdè Sàró, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1988, ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí lórí ọ̀ràn yìí. Aboyún 68 tí ibà Lassa mú ni wọ́n tọ́jú tí wọ́n sì kọ ìtàn àìsàn wọn sílẹ̀. Nínú àwọn 40 tí oyún wọn ti wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, 12 ni ó kú. Nínú àwọn 28 tí oyún tiwọn kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, 2 ni ó kú. Ní ti àwọn obìnrin 79 tí kò lóyún, tí ibà kan náà mú wọn, 10 ni ó kú. Àwọn ọmọ inú ni ọ̀ràn tiwọn burú jù: nínú ọgọ́rùn-ún, bí 87 ni ó ṣòfò. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn sì kó gbogbo ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ jọ ní ọdún 2020, wọ́n rí i pé ewu ikú fún aboyún tí ó ní ibà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti obìnrin tí kò lóyún.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kò tíì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ibi ọmọ, èyí tí ń gbé oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ inú, jẹ́ ibi tí fáírọ́ọ̀sì yìí fẹ́ràn láti máa pọ̀ sí i. Bí oyún bá ṣe ń dàgbà ni ibi ọmọ ń tóbi, bí ó bá sì ṣe ń tóbi ni àyè ń gba àrùn. Bákan náà ni agbára tí ara fi ń bá àrùn jà máa ń yí padà nínú oyún, kí ara ìyá má baà gbógun ti ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀.

Láti inú èyí ni àríyànjiyàn kan ti jáde láàárín àwọn dókítà, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí ti Sàró rí i pé kíá ni ara ìyá ń yá bí ilé-ọmọ rẹ̀ bá ti ṣófo, yálà ó bímọ ni tàbí oyún náà wálẹ̀. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìmọ̀ràn tí ó gbilẹ̀ ni pé kí a tètè gba oyún náà kúrò kí ìyá má baà kú. Ṣùgbọ́n ní Irrua, ní Ìpínlẹ̀ Edo, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan ti di ojúbọ ìtọ́jú ibà Lassa ní ilẹ̀ yìí, àwọn dókítà wo àkọsílẹ̀ aboyún 30 tí wọ́n tọ́jú láàárín ọdún 2009 sí 2018. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó kú, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré. Síbẹ̀, àwọn kan lára àwọn tí ó yè é ni wọ́n padà sílé tòyún-tòyún, tí ọmọ wọn ṣì wà láàyè nínú wọn, nítorí pé wọ́n tètè dé, wọ́n sì tètè rí òògùn ribavirin gbà. Èrò àwọn dókítà náà ni pé kò yẹ kí a máa sáré gba oyún tí ọmọ inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú èrò méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aboyún ni wọn yóò ti yanjú rẹ̀, ẹni tí yóò sì yanjú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìṣẹ́ agbẹ̀bí, kí ó sì mọ ìṣẹ́ àrùn tí ń ràn.

Ibẹ̀ gan-an ni ètò ìlera ti ń mẹ́hẹ. Bí a bá mú aboyún olóṣù mẹ́jọ kan tí ara rẹ̀ ń gbóná tí ó sì ti rí ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ilé ìgbẹ̀bí ni ọkọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé e lọ. Àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ yóò wò ó, bí ìfura ibà Lassa bá sì ti dé sí wọn lọ́kàn, wọn yóò fẹ́ kí ó kúrò láàárín àwọn obìnrin àti ọmọ tuntun tí ó wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọn lẹ́bi. Ibi tí wọ́n bá ní kí ó lọ, níbi tí a ti ń ya àwọn alárùn tí ń ràn sọ́tọ̀, ó lè jẹ́ pé kò sí agbẹ̀bí, kò sí ibùsùn ìbímọ, kò sí ohun èlò iṣẹ́ abẹ. Àwọn náà yóò ní kí ó kọ́kọ́ lọ bímọ. Láàárín wọ́ọ̀dù méjèèjì ni ọkọ yóò ti máa wá ọkọ̀ kiri.

Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kò ṣàdédé wá. Láti ọjọ́ tí ayé ti kọ́kọ́ mọ àrùn yìí ni ó ti ń pa àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn. Ní oṣù January 1969 ni ó mú Laura Wine, nọ́ọ̀sì ìjọ míṣọ́nnárì kan ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kó o, òun náà kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Penny Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà, tí ó sì yè é. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àrùn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, dókítà Jeanette Troup tí ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí i sì gba ibẹ̀ kú, lẹ́yìn tí ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́ níbi tí ó ti ń yẹ òkú wò. Ní oṣù January 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tún kú nítorí rẹ̀ ní Abakaliki. Ìgbẹ̀bí ni ó sì léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ ilé ìwòsàn bí àrùn yìí bá wà ńlẹ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tí ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ti ń dà sí òṣìṣẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Agbẹ̀bí tí kò ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, tí kò ní aṣọ ààbò, tí kò sì ní ohun tí yóò fi bo ojú, tí a wá ní kí ó gbẹ̀bí obìnrin tí ó ní ibà Lassa, ẹ̀mí tirẹ̀ ni a ní kí ó fi lélẹ̀.

Kò ní bójú mu láti sọ pé ìjọba kò ṣe ohunkóhun. Ní ọdún 1969, òkè òkun ni wọ́n ní láti gbé ẹ̀jẹ̀ lọ kí wọ́n tó lè mọ ohun tí ń pa ènìyàn. Lónìí, àyẹ̀wò náà ń lọ ní Irrua, ní Ọ̀wọ̀, ní Abakaliki àti ní Àbújá. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ìdènà àrùn ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2018, ó sì ní nọ́ńbà tẹlifóònù 6232 tí ènìyàn lè pè láìsan owó. Òògùn ribavirin náà, ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń pín in. Ṣùgbọ́n ribavirin nìkan kọ́ ni aboyún nílò. Ó nílò ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì nílò ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó lè nílò iṣẹ́ abẹ. Púpọ̀ nínú ìnáwó wọ̀nyí, àpò ẹbí ni ó ti ń jáde, ará ìdálẹ̀ tí ẹbí rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn ni ó sì ń ṣòro fún jù. Ìpínlẹ̀ tí ó bá ní àdádó fún alárùn, tí kò ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ìbímọ, kò tíì parí iṣẹ́.

Àṣà kan wà láàárín àwọn ará ìdálẹ̀ tí ó so pọ̀ mọ́ ọ̀ràn yìí. Bí oyún bá ti di oṣù méje tàbí mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ni ó ń padà sílé lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá wọn, pàápàá bí ọdún Kérésì bá wọ àkókò náà. Àṣà rere ni, nítorí kò sí ìtọ́jú tí ó dà bí ti ìyá ẹni. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni àkókò náà, Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ sì wà lára ibi tí ibà yìí ti ń jà jù. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń sá láfún àti èlùbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì àti orí àpáta, tí wọn a sì fi sílẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú nígbà mìíràn fún èkúté. Obìnrin tí ó kó àrùn náà nílé lè padà sí Kano kí ara rẹ̀ tó gbóná, dókítà tí ó bá bá pàdé níbẹ̀ kò sì ní ronú kan ibà Lassa àfi bí ó bá sọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ Bauchi ni ó ti kó o wá sílé.

Ọ̀rọ̀ ibi ọmọ tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyá àgbà tàbí àgbàlagbà mìíràn nínú agbo ilé ni ó sábà máa ń gba ibi ọmọ, tí wọn yóò sì rì í mọ́lẹ̀. Bí ìyá ọmọ bá ní ibà Lassa, inú ibi ọmọ yìí ni fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀ lápọ̀jù. Aṣọ tí ó fi bímọ àti omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ kò yàtọ̀. Bí ìfura bá wà, kí ìdílé má ṣe gba ibi ọmọ náà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn rárá. Ọkọ tí ó bá ní àrùn náà tí ó sì yè é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì náà lè wà nínú àtọ̀ òun fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ sùn ti ìyàwó rẹ̀ láìlo rọ́bà ìdáàbòbò kí dókítà tó yọ̀ǹda fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojú yóò tì láti sọ èyí ní gbangba, ṣùgbọ́n nínú ilé tí aboyún wà, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Ibà Lassa nìkan kọ́ ni ó ń ṣe ojúsàájú báyìí. Ní ọdún 2017, àrùn ẹ̀dọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní hepatitis E bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Borno, ní Ngala àti àwọn ibòmíràn tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé pọ̀ sí. Omi ìdọ̀tí ni ó ń gbé e kiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá mú a máa bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ó lè pa tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú pípọ́n ni àwọn ènìyàn ń rí, ibà pọ́njú ni wọ́n ń pè é, àgbo ni wọ́n sì ń fún un mu.

Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan tí a ti fọwọ́ sí fún ibà Lassa. Àwọn kan wà tí wọ́n ń dán wò lára ènìyàn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọ̀kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ìṣe àwọn onímọ̀, aboyún kì í sí nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù ohun tí abẹ́rẹ́ lè ṣe fún ọmọ inú. Ìbẹ̀rù náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń náni. Nígbà tí Ebola jà ní ìlà-oòrùn Kóńgò láti ọdún 2018, wọ́n kọ́kọ́ yọ àwọn aboyún kúrò lára àwọn tí wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́. Ọdún 2019 ni wọ́n tó yí ìpinnu náà padà, nígbà tí àrùn náà ti gba oṣù mélòó kan lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan náà ni yóò dé iwájú àwọn aláṣẹ ìlera ní Àbújá ní ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ ibà Lassa bá jáde, àwọn agbẹ̀bí Irrua àti Ọ̀wọ̀ sì wà lára àwọn tí ó yẹ kí wọ́n pè sí ìjókòó náà.